Ìrora ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kì í ṣe ti eyín



Ìrora kan wà tó máa ń mú ènìyàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ìgbà tí mànàmáná bá kọ. Apá kan ojú ló sábà máa ń mú. Kì í pẹ́, ṣùgbọ́n ó lè padà lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Bí ènìyàn bá ń bọ́jú, bó bá ń jẹun, bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá fẹ́ sí i, ó lè bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé eyín ni. Wọ́n a yọ ọ̀kan, wọ́n a yọ èkejì, ìrora náà kò lọ. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára láti ojú lọ sí ọpọlọ ló ń dùn wọ́n.

Oògùn wo ló wà fún un?

Láti ọdún 1962 ni àwọn dókítà ti mọ̀ pé carbamazepine máa ń dín ìrora yìí kù. A tún ń lò ó fún wárápá. Ẹ má rà á lọ́jà. Dókítà a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n kékeré, a sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ lò ó. Ẹ má fúnra yín dá a dúró lójijì.

Kí ni kí ẹ máa ṣọ́?

1. Oorun àti òòyì. Bí wọ́n bá ń ṣe yín, ẹ má gun igi, ẹ má gun alùpùpù. Ẹ má mu sódábì.
2. Bí nǹkan bá sú sí yín lára, bí ara bá gbóná, bí ẹnu bá bó, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ láìnídìí, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.
3. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́yìn náà bí dókítà bá ṣe sọ.
4. Oògùn yìí lè dín agbára àwọn oògùn ibà kan àti ti ìfètòsọ́mọbíbí kù. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò. Bí ẹ bá lóyún, ẹ sọ ọ́.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí. Lálaalẹ́, ẹ kọ ọjọ́, iye oògùn, iye ìgbà tí ìrora mú yín, àti ohun tuntun tí ẹ rí lára. Báyìí ni:

Ọjọ́rú. Ààbọ̀ hóró láàárọ̀, ààbọ̀ lálẹ́. Ìrora: ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Òòyì díẹ̀.

Ẹ mú ìwé náà dání bí ẹ bá ń lọ sí ilé ìwòsàn ní Bassila. Òun ni dókítà yóò wò kó tó fi kún oògùn tàbí kó dín in kù.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí yíyọ eyín kò fi wo ìrora yìí?
2. Àmì wo ló yẹ kó gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan náà?
3. Ẹ kọ àkọsílẹ̀ ọjọ́ kan bí èyí tó wà lókè.