Rírà Ìwé Àtijọ́ lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra aṣọ òkè lọ́jà a máa fi ọwọ́ pa á, a sì máa tẹ́ ẹ wò nínú ìmọ́lẹ̀ kí ó tó sanwó. Ẹni tí ń ra ìwé àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Àwòrán nìkan ni ó ń rí, ọ̀rọ̀ ẹni tí ń tà á ni ó sì ń kà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ó yẹ kí irú olùrà bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí yóò wò àti ohun tí yóò béèrè.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọjọ́ orí ni í sọ ìwé di olówó iyebíye. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bíbélì èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a tẹ̀ ní nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn pọ̀ káàkiri, owó kékeré ni a sì fi ń ra púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n owó gọbọi ni a fi ń ra ẹ̀dà àkọ́tẹ̀ *Things Fall Apart*, ìwé Chinua Achebe tí ilé-iṣẹ́ Heinemann tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958. Ẹ̀dà náà ṣọ̀wọ́n, àwọn tí ń wá a sì pọ̀.

Nítorí náà, àwòrán ojú-ìwé tí ọdún ìtẹ̀jáde wà ni olùrà yóò kọ́kọ́ béèrè. Ní 1952 ni ilé-iṣẹ́ Faber and Faber gbé *The Palm-Wine Drinkard* tí Amos Tutuola kọ jáde, wọ́n sì tún un tẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí ojú-ìwé yìí bá fi hàn pé ìtẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì tàbí ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni, kì í ṣe àkọ́tẹ̀, bí ó ti wù kí ẹni tí ń tà á yìn ín tó. Bákan náà, *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí D. O. Fágúnwà kọ jáde ní 1938. Ẹ̀dà tí ilé-iṣẹ́ Nelson tẹ̀ lẹ́yìn náà dára fún kíkà, ṣùgbọ́n iye wọn kò dọ́gba.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan ara ìwé. Èdè àwọn òǹtàwé ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ìwé tí wọ́n bá pè ní “fine” fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí titun. Èyí tí wọ́n bá pè ní “good” ti gbó, ṣùgbọ́n ojú-ìwé rẹ̀ pé. Ẹni tí kò mọ èyí yóò sanwó ohun tí kò rí gbà. Kí ó béèrè bí ikán tàbí kòkòrò ti jẹ ẹ́, bí omi ti kàn án, bí ẹnikẹ́ni ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́, àti bí ó ń rùn, nítorí àwòrán kì í gbé òórùn. Kí ó sì béèrè nípa bébà tí a fi bo ẹ̀yìn líle ìwé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bọ́ bébà yìí sọnù, bẹ́ẹ̀ ó lè níye lórí ju ìwé fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn kan a sì máa tẹ irú rẹ̀ titun láti fi bo ìwé àtijọ́.

Bí òǹtẹ̀ ilé-ìkàwé bá wà lára ìwé, iye rẹ̀ dínkù. Ìbéèrè tí ó tóbi jù ni pé, ṣé ilé-ìkàwé ni ó tà á ni, tàbí a jí i gbé? Ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀.

Níkẹyìn, iye tí a ń béèrè kì í ṣe iye tí a ń rí gbà. Ẹnikẹ́ni lè kọ iye tí ó wù ú sára ọjà rẹ̀. Kí olùrà wo iye tí a ta irú ẹ̀dà kan náà ní gbàǹjo, kí ó sì fi ara ìwé méjèèjì wé ara wọn. Bí òǹtàwé bá kọ̀ láti fi àwòrán ránṣẹ́ tàbí láti dáhùn ìbéèrè, kí olùrà pa owó rẹ̀ mọ́. Abéèrè kì í ṣìnà.