Yíyan Ọkọ̀ Ìpẹja tí ó Fúyẹ́

Ẹni tí ó ń gbé Aswani, ní Ìsọlọ̀, tí ó sì fẹ́ràn ẹja pípa, kò lè ru ọkọ̀ igi lọ sí etí ọ̀sà. Ọkọ̀ rọ́bà ni ó yẹ ẹ́: bí a bá tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, a óò ká a bí ẹní. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní Argungu, ní Òkè Ọya, akèrègbè ńlá ni àwọn apẹja fi ń léfòó. Ṣùgbọ́n kí a yan èyí tí ó ní àpò afẹ́fẹ́ méjì tí kò já sí ara wọn: bí ìwọ̀ bá gún ọ̀kan, èkejì yóò gbéni dé èbúté. Kí a sì wọ ẹ̀wù tí í múni léfòó. Bí ẹja bá bọ́ lónìí, a lè rí òmíràn lọ́la; ẹ̀mí kò ní àrọ́pò.