A Kì Í Ti Kóòtù Bọ̀ Ká Ṣọ̀rẹ́

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àwọn ọmọ bàbá kan náà tó ń jà lórí ilẹ̀ la sábà máa ń pa òwe yìí fún. Lónìí, agbẹjọ́rò tuntun ni mo fẹ́ pa á fún: ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsàn-Èkìtì, ká ní, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Law School, tí wọ́n sì fi ṣe àgùnbánirọ̀ ní ọ́fíìsì òfin FUOYE, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọyẹ́-Èkìtì. Wíìgì àti gáùn rẹ ṣì ń run títun. Níwájú adájọ́ lo fẹ́ dúró sí, àmọ́ fáìlì ni wọ́n kó lé ọ lọ́wọ́. Má bínú.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn yunifásítì kan a máa dìídì gba irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì, kó lè kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò ilé-ẹ̀kọ́. Nílé níbí, ọdún ìsìnlú ló sún mọ́ ọn jù. Bí ẹjọ́ bá dé kóòtù, agbẹjọ́rò ìta ni yunifásítì sábà máa ń gbé e fún. Ìwọ tó wà nínú ilé, iṣẹ́ tìrẹ ni kí ọ̀ràn má débẹ̀ rárá. Ẹnikẹ́ni kò ní í pàtẹ́wọ́ fún ọ, torí ta ní í yọ̀ fún ẹjọ́ tí kò wáyé?

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Lọ́dún 1983, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Maiduguri, wọ́n ba nǹkan jẹ́, wọ́n sì dáná sunlé. Yunifásítì gbé ìgbìmọ̀ dìde, ó sì lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ta ni alága ìgbìmọ̀? Igbákejì ọ̀gá àgbà ni, ilé tirẹ̀ gan-an sì wà lára èyí tí wọ́n sun. Nígbà tí ẹjọ́ Garba, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n lé, dé Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní 1986, àwọn adájọ́ wọ́gi lé bí wọ́n ṣe lé wọn. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kò lè tún jókòó dá ẹjọ́, àti pé ọ̀ràn bí ìdánásunlé, kóòtù ló ni ín, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ wo ọdún mẹ́ta tó lọ sí i! Èrò mi ni pé òdodo lè wà nínú ẹ̀sùn náà o, àmọ́ ẹni tí wọ́n fi jókòó ti bà á jẹ́. Nítorí náà, bí ìwé tí wọ́n fi ń yan ìgbìmọ̀ bá gba ọwọ́ rẹ kọjá, orúkọ ni kó o kọ́kọ́ kà. Ta ló kọ ẹ̀sùn? Ta ni inú ń bí?

Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ni ẹ̀sùn kàn, tú òfin tó dá yunifásítì sílẹ̀, kó o kà á bí ẹni ń ka Bíbélì tàbí Kùránì. Lọ́dún 1985, Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dá Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaniyan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Yunifásítì Èkó, nítorí pé abala 17 òfin ilé-ẹ̀kọ́ náà ti la ọ̀nà tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó lè yọ olùkọ́, àwọn aláṣẹ kò sì tọ ọ̀nà náà. Ọdún yẹn kan náà ni ilé-ẹjọ́ yìí kọ̀ láti dá sí ọ̀rọ̀ èsì ìdánwò Akintemi, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ó ní kó kọ́kọ́ lo ọ̀nà ẹ̀bẹ̀ tó wà nínú ilé. Kóòtù kì í báni máàkì ìwé. Bóyá a tẹ̀lé òfin ara wa ló ń béèrè.

Àwọn ìyá wa tó ń mọ ìkòkò ní Ìsàn mọ̀ pé ìgbà tí amọ̀ ṣì tutù la ń fọwọ́ pa ibi tó sán. Bí iná bá ti kàn án, ó tán. Lẹ́tà tí rẹ́jísírà kò tíì fọwọ́ sí, amọ̀ tútù ni. Gbólóhùn kan a máa ba ọ̀rọ̀ jẹ́, gbólóhùn kan a sì máa tún un ṣe: ìwé ìpè tó ní “wá ṣàlàyé owó tí o jí” ti dá ẹjọ́ kó tó gbọ́ ọ, “owó tí wọ́n ní ó sọnù” ló yẹ kó wà níbẹ̀. Má sì dìde láàárín ìpàdé kó o ní ọ̀gá ṣàṣìṣe. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Lọ bá wọn ṣáájú: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rí nǹkan kan nínú abala yìí, ẹ bá mi wò ó.” Lẹ́yìn náà, kọ ọ́ sílẹ̀, kó o fi ọjọ́ sí i. Yunifásítì ni oníbàárà rẹ, kì í ṣe ẹni tó wà lórí àga.

Ìsàn àti Ọyẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni. Ará ilé yóò wá: “Bá wa wo ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ ọmọ wa dé.” Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Sọ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kí ọmọ náà kọ̀wé sí rẹ́jísírà. Bí fáìlì ilẹ̀ tó kan mọ̀lẹ́bí rẹ bá dé, kọ̀wé kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọjọ́. Òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba jáde ní 2011, ọdún tí wọ́n dá FUOYE sílẹ̀ gan-an, ọjọ́ 7 péré ló sì fi sílẹ̀ fún èsì. Ra ìwé kan tó jẹ́ ti ọjọ́ nìkan: ọjọ́ tí lẹ́tà wọlé, ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ jáde. Nígbà tí ọdún ìsìnlú rẹ bá parí, jókòó pẹ̀lú ẹni tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ẹ jọ ka àwọn èyí tí ọjọ́ wọn ti sún mọ́, kó sì fọwọ́ sí i pé òun gbà á.