Abéèrè Ọ̀nà Kì Í Ṣìnà

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Nílé, ẹni tó ń lọ síbi tí kò dé rí là ń pa òwe yìí fún. Ní àwọn abúlé Baoulé tó yí ìlú Bouaké ká ní Côte d'Ivoire níbí, ìgbà tí àlejò bá fẹ́ padà sílé gan-an ló ń bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ onílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí mo ti rí ọmọ wa tó kí baálẹ̀ dáadáa, tó jẹ, tó mu, tó wá kàn dìde, ó juwọ́, ó gun ọ̀kadà lọ. Ojú àwọn àgbà tó jókòó síbẹ̀ kò ṣeé wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ọdún 1912 ni ọkọ̀ ojú irin láti Abidjan dé Bouaké, ìlú náà sì di ọjà ńlá; àwa tí wọ́n ń pè ní Ànàgó kò gbẹ́yìn nínú ọjà ọ̀hún. Síbẹ̀, ẹlòmíràn nínú wa á lo ogún ọdún láàárín ìsọ̀ àti mọ́ṣáláṣí, kò ní tẹsẹ̀ bọ abúlé kankan. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024, nígbà tí Super Eagles fi pẹnáritì na South Africa ní Stade de la Paix ní Bouaké níbí, àwọn ará ilé tó wá wòran bi mí pé kí ló tún wà níbí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ kan péré.

Tanou-Sakassou ni mo máa ń mú àlejò lọ, abúlé àwọn obìnrin amọ̀kòkò, lọ́nà Brobo, kò jìnnà sí ìgboro. Ẹ pe orúkọ náà tán fún awakọ̀ o! Sakassou lásán, ìlú mìíràn ni, nǹkan bí kìlómítà 40 sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn Bouaké, níbi tí ìtẹ́ ọba Baoulé wà. Ìyẹn náà tó lọ wò. Àwọn Baoulé ń pìtàn pé nígbà tí Ọbabìnrin Abla Pokou ń kó wọn bọ̀ láti ilẹ̀ Àṣáńtì, ó fi ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo fún odò Comoé kí wọ́n lè ríbi kọjá. Ẹni tó bá mọ ìtàn Mọrèmí àti Olúorogbo kò ní gbọ́ ọ bí ìtàn àjèjì.

Bí ẹ bá dé abúlé, ẹ fi fóònù sápò, ilé baálẹ̀ lẹ kọ́kọ́ ń lọ. Wọn á fún yín ní ìjókòó, wọn á bu omi wá. Ẹ gbà á, ẹ fi kan ẹnu, bí òùngbẹ ò tilẹ̀ gbẹ yín. Lẹ́yìn náà ni wọn á bèèrè amanien, ìyẹn ìròyìn ohun tó gbé yín wá. Ibí yìí ni mo ti kọsẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Kíá ni mo dáhùn pé ìkòkò la wá rà. Ìyá ará Èjìgbò tó mú mi lọ, tó ti ń ta aṣọ ní Bouaké kí wọ́n tó bí mi, fi ìgúnpá tọ́ mi. "Ọmọ mi, àlàáfíà là á kọ́kọ́ sọ. Ṣé bó o ṣe ń wọlé tọ bàbá rẹ nìyẹn?" Ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi: kò sí aburú, ara le nílé, ọjà ń lọ, òkìkí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá abúlé yìí la gbọ́ tá a fi wá. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ọjọ́ yẹn ni òwe náà yé mi.

Ẹ kọ́ "yako" pẹ̀lú. Ó jọ "ẹ pẹ̀lẹ́" wa gan-an. Wọ́n ń sọ ọ́ fún aláìsàn, wọ́n ń sọ ọ́ fún ọlọ́fọ̀. Bí ẹ bá bá òkú ní abúlé, òun lọ̀rọ̀ tó kàn. Ẹ kí wọn, kí ẹ fi ìkòkò sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ̀gbẹ́ amọ̀kòkò ni mo lè jókòó sí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sí ẹ̀rọ tó ń yí amọ̀. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń yí ìkòkò po, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, àtàǹpàkò nínú, ìka mẹ́rin lóde, etí ìkòkò ń dìde díẹ̀díẹ̀. Á ki ọwọ́ bọ omi, á tún yí i po. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná, bẹ́ẹ̀ iná igi ni wọ́n fi ń sun ún ní gbangba, kí ata tó débẹ̀ rárá. Nítorí náà, bó bá dárúkọ owó, ẹ ná an bí ọmọlúàbí. Bí ẹ bá sì fẹ́ ya fọ́tò, ẹ tọrọ àyè kó tó tọwọ́ bọ amọ̀.

Ẹ padà sọ́dọ̀ baálẹ̀ kí ẹ tó lọ, kí ẹ bèèrè ọ̀nà. Ọjọ́ tí mo mú àwọn ará ilé wọ̀nyẹn lọ, baálẹ̀ ní òun fún wa ní ìdajì ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìbàdàn rò pé owó ni wọ́n fẹ́ gbà lórí ìdajì yòókù, ó ti ń wá àpò rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ọwọ́ baálẹ̀ ni ìdajì yẹn máa wà, kí a lè padà wá gbà á. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀ pupa. Kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ ìyẹn fún baálẹ̀.