Owó Gbà-mábìínú Òṣìṣẹ́ Kì í Ṣe Sàráà

 

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ bá gé ọmọ lọ́wọ́, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Àmúwá Ọlọ́run ni." Ọ̀gá á fún un lówó oògùn, á fi owó ọkọ̀ lé e, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ìka tó gé kì í hù mọ́, ọ̀nà oúnjẹ ọmọ náà sì ti dí nìyẹn. A fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ pé òfin ti sọ̀rọ̀ sí i.

ÒFIN WO NI?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin owó gbà-mábìínú òṣìṣẹ́. Òun ló rọ́pò ti ọdún 1987, tó gbé gbèsè náà ka ọ̀gá nìkan lórí. Ní báyìí, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NSITF ló ń kó owó náà jọ, òun náà ló ń san án. Ọ̀gá ni yóò máa dá náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù tó ń san. Bí òṣìṣẹ́ bá ń gba 70,000 náírà lóṣù, 700 náírà péré ni ọ̀gá yóò dá lórí rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ rẹ̀ nínú owó òṣìṣẹ́.

TA NI ÒṢÌṢẸ́?

Ẹ má rò pé oníṣẹ́ ìjọba nìkan ni o. Ẹni tí a fi ẹnu lásán bá ṣàdéhùn wà níbẹ̀, lébìrà onígbà díẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí náà wà níbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá. Àwọn ọmọ àti ọkọ wa ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni nínú wa tó gba èèyàn síṣẹ́, tó ń sanwó fún un, ọ̀gá ni òun náà.

KÍ NI WỌ́N Ń SAN?

Owó ìtọ́jú wà, owó àkókò tí kò fi lè ṣiṣẹ́ náà wà. Bí ìpalára náà bá sọ ọ́ di ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ rárá, náírà 90 nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù rẹ̀ ni. Ẹni tó ń gba 70,000 á máa gba 63,000 nìyẹn. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, tó fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, iye kan náà ni. Jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà láàárín ilé àti ibi iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kò sì ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé ọ̀gá ló jẹ̀bi.

BÁWO NI A ṢE Ń GBÀ Á?

1. Kí òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí rẹ̀ sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14: orúkọ, ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe ṣẹlẹ̀. Òfin ò béèrè gírámà. Kí ẹni tó mọ̀wé bá wa kọ ọ́, kí a mú ẹ̀dà kan pamọ́.

2. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Bí kò bá ṣe é, ó ti ṣẹ̀ sófin.

3. Kí a kọ fọ́ọ̀mù ìbéèrè owó náà, kí a sì fi ránṣẹ́ sí NSITF kí ọdún kan tó pé. Wọ́n ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn.

4. Kí a tọ́jú káàdì ọsibítù, gbogbo rìsíìtì, àti orúkọ àwọn tó rí i.

Bí ọ̀gá kan bá gbé ìwé wá pé kí ẹ tẹ̀ka sí i pé ẹ ò ní béèrè nǹkan kan mọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá tilẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú òfin. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹnì kan kò lè gba owó yìí tán, kó tún gbé ọ̀gá lọ sí kọ́ọ̀tù lórí jàǹbá kan náà. 

Ẹni tó ń dá òwò ara rẹ̀ ṣe ńkọ́? Òfin yìí ò pè é ní òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ààbò tirẹ̀ ṣì kù sí ọwọ́ ẹgbẹ́ àti àjọ tí a ń dá.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọjọ́ 14 kì í pẹ́ pé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ WA

1. Ta ló gba èèyàn síṣẹ́ nínú wa, ṣé a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NSITF?

2. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lónìí, ta ni yóò bá wa kọ ìwé?