Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọ Kambolé: Ìmọ́lẹ̀ Kan Kò Rí Bí Èkejì

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ti Kambolé lọ kàwé ní Tchamba àti Sokodé, èdè tiwa lẹ ń sọ nílé, Faransé lẹ fi ń kàwé, ẹ tún ń fi Tem, tí a ń pè ní Kotokoli, nájà ní Sokodé. Láti oṣù kẹfà ọdún 2022 tí Tógò ti wọ ẹgbẹ́ Kọmọ́nwẹ́ẹ̀tì, ó tún yẹ kí ọwọ́ yín le sí i nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ibi kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń da ọmọléèwé láàmú: àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìmọ́lẹ̀. Wọ́n pọ̀, wọ́n jọra, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

1. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá. Oòrùn àti iná ní ìmọ́lẹ̀ tiwọn. Bàtà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù kò ní tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e ló ń dá padà. Iná tó mọ́lẹ̀ yòò ni “bright”, bàtà tó ń dán yinrin ni “shiny”. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí “shine”: ó bá oòrùn lọ, ó sì bá bàtà lọ.

2. Ẹ wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ náà dúró tàbí ó ń já. Ẹyin iná tó ń pọ́n nínú àdògán lẹ́yìn tí ahọ́n iná ti kú, “glow” ni: ó rọlẹ̀, kò mì. Mọ̀nàmọ́ná tó yọ tó sì lọ, “flash” ni. Ìràwọ̀ tó ń ṣẹ́jú, “twinkle” ni. Nígbà ọdún Adossa ní Sokodé, tí àwọn ọkùnrin bá gbé ọ̀bẹ sókè, tí ojú ọ̀bẹ kọ yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, “glint” nìyẹn. Bí irú rẹ̀ bá pọ̀ wẹ́wẹ́ lára aṣọ ìyàwó, tí gbogbo wọn ń kọ yẹ̀rì pọ̀, ó ti di “glitter”.

3. Ẹ bi ojú yín léèrè. Iná ọkọ̀ tó dojú kọ yín lóru lójú ọ̀nà Tchamba, tí ẹ fi ní láti fi ọwọ́ bo ojú, “glare” ni. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ń lò fún ẹni tó tẹjú mọ́ni tìbínú-tìbínú, nítorí náà ẹ má fi yin ẹnikẹ́ni. Fìtílà tí epo rẹ̀ ń tán lọ, tó ń ṣe bàìbàì, “dim” ni.

4. Ẹ má gba ọ̀dọ̀ Faransé dé inú Gẹ̀ẹ́sì. Faransé ń pe bàtà tó ń dán ní “brillant”, ó sì ń pe akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé gan-an bẹ́ẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ni “brilliant” nínú àwọn méjèèjì. “Bleu clair” kì í ṣe “clear blue” bí kò ṣe “light blue”. Ojú ọ̀run tí kò ní ìkùukùu ni “clear”. “Light” yìí náà ni wọ́n ń pe ẹrù tó fúyẹ́, nítorí náà ẹ ka gbólóhùn dé òpin kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀.

5. Ẹ fi ìwọ̀n yin ènìyàn. Ọmọ tí nǹkan tètè ń yé ni “bright”. Ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ ta ti ẹgbẹ́ yọ ni “brilliant”. Kò sí ọmọ tí à ń pè ní “shiny” nítorí ìwé tó mọ̀.

6. Ẹ di èdè ilé mú. Èdè tí àwa àti àwọn ará Manigri ní Bẹ̀nẹ̀ jọ ń sọ, ọmọ ìyá Yorùbá ni. Yorùbá mọ̀ pé oòrùn ń ràn, fìtílà ń tàn, wúrà ń dán, ẹyin iná ń pọ́n. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ wọ̀nyí láti ilé kò ní bá Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo.

7. Ẹ máa kọ gbólóhùn kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, láti inú ohun tí ẹ fi ojú ara yín rí ní Kambolé, ní ọjà Tchamba tàbí ní Sokodé. Ẹ má kàn há a sórí láti inú ìwé atúmọ̀ èdè. Kí ẹ kà á fún olùkọ́ yín, kí ó tún un ṣe.