Ríìmù Kì í Ṣe Kéèkì

Wọlé, Àjàní ọkọ mi. Bọ́ bàtà rẹ sẹ́nu ọ̀nà, kí o sì dúró níbẹ̀ ná kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí ọ díẹ̀. Òórùn tínà ti ṣíwájú rẹ wọlé. Ṣé omi lo fi wẹ̀ láàárọ̀ yìí, àbí tínà? Má jókòó sórí àga aláwọ̀ funfun yẹn o. Wo ọwọ́ rẹ! Èékánná mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dúdú bí ẹni tó lé làálì.

Nígbà tí o kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa lo ààrò yín ní Sátidé?", inú mi dùn. Mo ní ọmọ àbúrò mi ti rí ìyàwó, ó fẹ́ wá kọ́ bí a ṣe ń yan kéèkì kó lè fi ya ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu. Mo ti ń ka ẹyin lọ́kàn. Àfi ìgbà tí ìyá rẹ pè mí lálẹ́ àná tó ní ríìmù mọ́tò lo fẹ́ wá yan. Ríìmù Corolla! Nínú ààrò tí mo fi ń yan kéèkì ìgbéyàwó! Ta ló ṣe ọ báyìí?

Ó dáa, ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní London ló sọ fún ọ pé àwọn kan ń yan án nílé lọ́hùn-ún. Irọ́ kọ́ ló pa. Ọ̀dà oníyẹ̀fun wà, mo sì mọ̀ ọ́n. Ṣé o ti gbàgbé iṣẹ́ tí Bàbá Ṣọlá, ọkọ tó fẹ́ mi, ṣe jẹun ni? Odindi ọdún 27 ni mo fi ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fín ọ̀dà sí mọ́tò, kí n tó ra ààrò tí o ń wò lójú kòkòrò yìí.

Ọ̀dà yẹn kò lómi, kò ní tínà. Ìyẹ̀fun ni, ó kúnná ju èlùbọ́ tí a jọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ìbọn kan ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ jáde, ìbọn náà á kó iná mànàmáná sí i lára, wọ́n á sì ti so wáyà mọ́ ríìmù dé ilẹ̀. Ìyẹ̀fun á wá máa wá irin lọ fúnra rẹ̀, bí aṣọ ọ̀rá ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ó tún lè yí lọ sẹ́yìn irin níbi tí ìbọn kò kọjú sí. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ààrò: bíi 200 dígírì, fún ìṣẹ́jú 10 sí 20. Á yọ́, á ṣàn pọ̀, á sì gan bí abọ́ tanganran. Ó le ju ọ̀dà alágolo lọ jìnnà. N kò ní bá ọ jiyàn lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú tí mo kà yẹn, kì í ṣe láti ìgbà tí ààrò bá gbóná ni wọ́n ń kà á o. Láti ìgbà tí irin fúnra rẹ̀ bá gbóná dé ibẹ̀ ni. Alákéèkì ni mí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀: ààrò lè máa jó fòfò kí àárín kéèkì ṣì máa ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Ríìmù nípọn níbi tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀, ó sì fẹ́lẹ́ létí. Etí á ti jinná kí àárín tó gbóná. Mítà ààrò mi sì ń purọ́. Tó bá ní 180, èmi tí mo ti bá a gbé ni mo mọ̀ pé 200 ló ń sọ. Kí o sì mọ̀ pé ríìmù àlúmíníọ̀mù kì í ṣe irin lásán. Iná ni wọ́n fi fún un lágbára níbi tí wọ́n ti rọ ọ́, wọ́n sì wọn iná yẹn. Bí o bá yan án kọjá ìwọ̀n, tàbí tó pẹ́ jù nínú iná, agbára á máa yọ́ kúrò lára rẹ̀ láìfọhùn. Ojú rẹ kò ní rí i. Kòtò títì ni yóò rí i.

Mi ò tíì dé ibi tó ń dùn mí. Gáàsì ni ààrò mi ń jẹ. Ìyẹ̀fun tó bá kún afẹ́fẹ́, tó pàdé iná, ó lè bú gbàmù. Fúláwà pàápàá lè ṣe é, ìdí nìyẹn tí n kì í fi í jọ̀ ọ́ nítòsí iná. Kí o wá máa fẹ́ ìyẹ̀fun ọ̀dà nínú yàrá tí gáàsì ti ń jó? Bó bá tilẹ̀ yọrí sí rere, ààrò yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ oúnjẹ títí ayé. Ta ni màá máa ta kéèkì olóòórùn ọ̀dà fún? Ẹni tó bá fẹ́ yan ríìmù, kó ní ààrò tiẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tí àkàrà kò ní wọ̀ mọ́, tàbí kó gbé e lọ fún àwọn tó fi ṣiṣẹ́ jẹun. Ọ̀rọ̀ ààrò ti tán. Má tún bẹ̀ mí. Má sì rán ìyá rẹ wá bẹ̀ mí.

Wàyí o, gbé èyí tí o ti kùn wá kí n rí i. Háà. Àjàní. Ó ń ṣí bí èèpo iṣu tí a bọ̀! Ojú mi ti rí ọ̀dà tó bó, ṣùgbọ́n èyí ò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ló dé tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń kun ríìmù ní dúdú bí ìdí ìkòkò gan-an ná? Nígbà tiwa, ríìmù tó bá ń dán yanranyanran ni ọmọge ń bojú wẹ̀yìn wò. Ó dáa, owó tìrẹ ni.

Báwo lo ṣe fọ̀ ọ́? O da omi lé e lórí, o fi àkísà nù ún. Mo mọ̀. Ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Ṣọlá, ó lè lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu fífọ̀ àti híhọ kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ìbọn. Àwọn ọmọ náà á máa kùn pé ọ̀gá fẹ́ fi àwọn ṣẹrú. Ìdọ̀tí dúdú inú ríìmù yẹn, ṣé o rò pé yẹ̀pẹ̀ ni? Ẹ̀rún irin tí búrèkì ń lọ̀ jáde wà nínú rẹ̀, ooru sì ti yan án mọ́ ríìmù lára. Lẹ́yìn ìyẹn ni òróró tí àwọn tó ń fọ mọ́tò fi ń pa táyà kó lè máa dán. Ọ̀dà ò fẹ́ rí òróró yẹn sójú. Ibi tí ẹ̀kán rẹ̀ bá wà, ọ̀dà á sá kúrò níbẹ̀ róbótó-róbótó, àwọn pẹ́ńtà á ní ó yọ ojú ẹja. Wo ibí yìí. Ojú ẹja mélòó lo rí? Mo ka mọ́kànlá, n kò tíì wọ awò mi.

Ọṣẹ ni kí o kọ́kọ́ lò, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, tinú tẹ̀yìn. Tó bá gbẹ, fi tínà àti àkísà mímọ́ nù ún kí o tó fọwọ́ kan sáńpépà. Bí o bá kọ́kọ́ họ ọ́, ńṣe lo ń ri òróró náà mọ́ ojú ìhọ. Ibi tó ti fi ara gbo pèpéle títì, sáńpépà 180 ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ kòtò kékeré, fi fílà dí i. Lẹ́yìn náà, 320, kí o wá fi 400 olómi parí rẹ̀. Da omi lé e: bí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ lórí rẹ̀ bí aṣọ, ó ti mọ́. Bó bá ń ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, òróró ṣì wà níbẹ̀, padà lọ síbi ọṣẹ. Ibi tí àlúmíníọ̀mù bá ti hàn síta, píráímà tó ní ásíìdì díẹ̀ nínú, tó lè bù ú jẹ, ni ó ń fẹ́; ọ̀dà lásán kò ní rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀. Ti ríìmù kúróòmù, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá ni í.

Kí nìdí tó fi ṣàn báyìí bí ikun imú ọmọdé? Ìkánjú ni. O fẹ́ kó dúdú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fi agolo jìnnà sí i tó bí 20 sí 25 sẹ̀ńtímítà, kí o sì máa mú ọwọ́ lọ, má dúró lójú kan. Àkọ́kọ́ kàn máa dà bí ìrì ni, píráímà á ṣì máa hàn lábẹ́ rẹ̀. Dúró bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí o tún fín in. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin báyẹn, kí o tó fi kílíà bò ó. Má ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá o, ọ̀rinrin á wọ inú rẹ̀, á sì ṣe bàìbàì bí ojú arúgbó. Tí o kò bá yọ táyà kúrò, fi vaselínì pa etí rẹ̀, kí o to káàdì tí ẹ fi ń ta ayò sáàárín táyà àti ríìmù yí ká. Àwọn ọmọ Bàbá Ṣọlá ló kọ́ mi. Káàdì tèmi ni wọ́n sì ń jí lò.

Ohun tó kó ẹ̀rù bá mi jù rèé, sún mọ́bí. Ihò márùn-ún tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀, o ti kùn ún dé inú. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń fara ko họ́ọ̀bù, o kùn ún pẹ̀lú. Ọ̀dà tó wà láàárín nọ́ọ̀tì àti ríìmù kò ní dúró síbẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ń rìn, tí búrèkì ń gbóná, á rọ̀, á fọ́, á fẹ́lẹ́, nọ́ọ̀tì tí o dè lánàá á sì di èyí tó tú lónìí. Mo jókòó ti ìkòkò ẹ̀wà mi lọ́jọ́ kan, mo rí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan tó ń dá yí lọ lójú títì bí ọba tó ń jáde, Máíkírà tó ni í wá ń wọ́ ikùn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, iná ń ṣẹ́ pàrà-pàrà lábẹ́. Èrò mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni ẹnì kan bá dẹ́rẹ́bà náà kun ríìmù. Wọ́n bi Bàbá Ṣọlá bóyá àwọn ni. Bàbá Ṣọlá bínú débi pé wọn ò jẹun ọ̀sán.

Nítorí náà, họ gbogbo ọ̀dà ibẹ̀ kúrò kó di irin gbalasa. Tí o bá ń dá a padà, máa dì í ní ìkọjúsíra, má tò ó yí ká bí ẹni ń ka owó. Ti Corolla rẹ, sípánà tó ń wọn agbára ni kí fọ́kánáísà fi dè é dé 103 Nm, kí o tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn bí 80 sí 100 kìlómítà. Ìyá rẹ tún ní búlọ́ọ̀kù oníhò lo fi ti mọ́tò náà sókè. Búlọ́ọ̀kù oníhò! Tí yóò fọ́ lójijì láìkìlọ̀! Lọ yá ẹsẹ̀ irin lọ́wọ́ mẹkáníìkì lónìí, kí o tó jẹun. Rárá, jẹun ná. Ṣùgbọ́n lónìí.

Kí lo fi bo imú? Háńkáṣíìfù. Mo sì rí agolo mílíìkì lápò rẹ. Ta ló sọ fún ọ pé mílíìkì ń fọ èéfín ọ̀dà kúrò nínú ara? Bàbá Ṣọlá náà ń mu ún, lójoojúmọ́, èmi gan-an ni mo ń rà á. Ikùn ni mílíìkì ń lọ, Àjàní. Ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín ń lọ. Ọ̀nà méjì tí kì í pàdé. Àwọn ọ̀dà tí wọ́n ń po hádínà mọ́ ló burú jù. Kẹ́míkà kan wà nínú wọn, isocyanate, tó lè sọ ẹni tí ara rẹ̀ le di oníkọ́ fée, tó bá sì ti ṣẹlẹ̀, ìwọ̀nba bíńtín rẹ̀ á máa sé onítọ̀hún lẹ́mìí. Mo gbọ́ ikọ́ yẹn lóru fún ọdún mẹ́jọ. Tó bá di aago mẹ́ta, màá dìde, màá gbé wọn jókòó, màá fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn wọn. Wọ́n á ní, "Ìyá Ṣọlá, sùn, ọyẹ́ ni." Nínú oṣù kẹfà!

Ó tó. Kì í ṣe kí o lè dorí kodò ni mo ṣe sọ ọ́. Alágolo ni tìrẹ, má ra èyí tó ní hádínà. Ra ìbomú onísẹ́ẹ̀ tó ń sẹ́ èéfín ọ̀dà, kì í ṣe èyí tí a lò nígbà kòrónà. Má sì fín nǹkan kan mọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé yín. Èéfín tínà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń gbà rìn bí ejò, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò yín sì wà lẹ́yìn ògiri níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé mi gbòòrò. Kó gbogbo rẹ̀ wá síbí.

Wọ́n máa ń pa á lówe pé ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi ní àkísà gan-an: àpò tí Bàbá Ṣọlá fi sílẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo rẹ̀ òwú, fífọ̀, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nulẹ̀. Lọ mú mẹ́rin níbẹ̀. Mẹ́rin, mo ní, kì í ṣe mẹ́fà. Ọṣẹ wà lábẹ́ síǹkì, búrọ́ọ̀ṣì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ṣinṣín wà nínú ike pupa yẹn, ṣùgbọ́n fọ ọwọ́ rẹ kí o tó ki í bọ̀ ọ́. Bẹ̀rẹ̀ láti inú ríìmù, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Màá mú àga jáde wá bá ọ.